Ilé Méjì ní Dùgbẹ̀: Ohun Tí Àwọn Àgbẹ̀ Oníkòkó Kọ́ Sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Bíi Tiwa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí. A sì ń rántí àwọn ojúgbà wa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí níbi àjọyọ̀ yìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìgbìmọ̀ ọdún kẹwàá ní kí ọ́fíìsì alukoro kọ ìtàn sínú ìwé yìí. Ìtàn ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Alága àti ti Akọ̀wé, ẹ ó kà á níbẹ̀. Ìtàn ilé ni àwa mú wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ló wà nílẹ̀ láàárín wa báyìí.

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Owó ilé ẹgbẹ́ tí a ti ń dá láti ọdún kẹta wà ní báǹkì. Ilẹ̀ wà ní ọ̀nà Badore, lẹ́yìn ìyà tí ilẹ̀ àkọ́kọ́ fi jẹ wá, èyí tí a sanwó rẹ̀ tán kí a tó gbọ́ pé ọmọ onílẹ̀ ti tà á fún ẹlòmíràn ṣáájú wa. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ohùn wa pín sí mẹ́ta. Àwọn kan ní kí a pín owó náà, nítorí ìlú le, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀. Àwọn kan ní kí a kọ́ ilé onígíláàsì bíi ti Lekki Phase 1, kí ẹgbẹ́ mìíràn má bàa fojú kéré wa. Àwọn yòókù ní kí a ṣì ní sùúrù. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ìdí.

Lẹ́yìn ìpàdé náà ni a gbéra lọ sí Ìbàdàn láti bá ọ̀kan nínú wa sin ìyá rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ọkọ̀ wa há sí Dùgbẹ̀, a sì gbójú sókè wo Ilé Kòkó. Ẹnì kan béèrè pé, "Ta ló ni ilé yìí gan-an?" Ọ̀kan ní ìjọba ni. Ọ̀kan ní Awólọ́wọ̀ ni. Ọ̀kan ní àwọn àgbẹ̀ ni. A jiyàn náà títí a fi dé Bẹ́gà. Ìbéèrè yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí.

Jẹ, kí o sì ṣẹ́ kù

Kí a tó dé orí ilé, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó fi owó wọn kọ́ ọ. Orúkọ tí Yorùbá fún irú ẹgbẹ́ wọn ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: a jẹ, a sì ṣẹ́ kù. Kò sọ pé kí ènìyàn má jẹ o. Ohun tó ń sọ ni pé kí a má jẹ ẹ́ tán. Àwọn baba wa ti mọ èsúsú, àáró àti ọ̀wẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi lé e ni ìwé: ìwé orúkọ, ìwé owó, àti òfin tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Rochdale ni wọ́n máa ń tọ́ka sí bí orírun rẹ̀. Ní 1844, ènìyàn 28 kó pọ́ùn 28 jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti àbẹ́là fún ara wọn. Ilé ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹgbẹ́ wa ju ènìyàn 28 lọ.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ìpínlẹ̀ Èkó yìí kò gbẹ́yìn. Ní 1907 ni Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko sílẹ̀ ní Agége, èyí tí wọ́n pè ní Agege Planters' Union. Láti Agége ni ọgbọ́n kòkó ti ràn dé ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí àwọn tó wá ṣe lébìrà níbẹ̀ máa ń mú irúgbìn àti ìmọ̀ lọ sílé.

Ìṣòro àgbẹ̀ kòkó kì í ṣe iṣẹ́ oko nìkan. Owó ni. Láàárín òjò, kí kòkó tó pọ́n, owó ọwọ́ rẹ̀ á ti tán. Ẹni tó ń ra kòkó á yá a lówó, á sì ti dá iye tí òun máa ra kòkó náà kí ó tó so. Ẹlòmíràn á fi oko dógò, ẹlòmíràn á fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báǹkì mọ ohun tí à ń pè ní gbèsè tí kì í tán. Ìyẹn gan-an ni.

Ní 1934, C. F. Strickland jábọ̀ fún ìjọba amúnisìn lórí bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1935, òfin rẹ̀ jáde. Ní 1937, wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ àwọn oníkòkó Gbẹdun ní Ìbàdàn sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn kò ní bá ara wọn du ọjà mọ́, kí iye owó má bàa gòkè. Bí àwọn tó ń rà bá lè di ẹgbẹ́, kí ló dé tí àwọn tó ń tà kò ní di ẹgbẹ́?

Ẹgbẹ́ náà kó kòkó ọmọ ẹgbẹ́ jọ sójú kan. Wọ́n rí i pé ó kan dáadáa, pé ó gbẹ dáadáa, wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tí kò lábòsí, wọ́n sì tà á lápapọ̀ ní iye tó dára. Wọ́n yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ṣáájú ìkórè kí ó má bàa fi oko dógò. Ẹni tó jẹ́ òpó láàárín wọn ni Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí ní 1889. Akọ̀wé ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìwé sú òun: ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìwé náà sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn fún àwọn onítàn. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yín.

Ilé àkọ́kọ́: báǹkì tó ń mí

Ní 1953 ni wọ́n dá Co-operative Bank sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìjọba fi owó kòkó gbé e ró ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni báǹkì náà wà fún, Ọbísẹ̀san sì wà lára àwọn tó tukọ̀ rẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ títí dòní.

Àwọn tó ya àwòrán ilé báǹkì náà ni Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan náà ló ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Wọ́n tún wà lára àwọn tó kọ́ Chandigarh, ìlú tuntun tí ìjọba Íńdíà dá sílẹ̀ lẹ́yìn òmìnira wọn. Ohun tí wọ́n fi lókìkí ni pé wọn kò kó ilé Lọ́ńdọ̀nù wá sí ilẹ̀ olóoru. Ní 1956 wọ́n tẹ ìwé jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí a kọ́lé níbi tí oòrùn ti mú tí afẹ́fẹ́ sì lọ́rinrin bíi tiwa. Ẹ jẹ́ kí a fi èdè bíríkìlà sọ ọ́.

Èkíní, wọ́n á wo ibi tí ilé kọjú sí. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń jó ògiri jù, nítorí pé ìsàlẹ̀ ló ti ń wọlé. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ni kí ó kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn tó ní fèrèsé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Èkejì, kí ilé má sanra. Bí yàrá bá ní fèrèsé níwájú àti lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì jáde. Ẹ̀kẹta, kí ohun kan ṣíji bo fèrèsé: òrùlé tó yọ síta, bàrándà, tàbí pátákó kọ́ńkéré tó dúró bí ìpéǹpéjú sórí ojú. Ẹ̀kẹrin, kí ògiri ní ihò níbi tó bá yẹ. Búlọ́ọ̀kù oníhò, tí àwọn bíríkìlà wa ń pè ní fánsì, ń dènà oòrùn àti òjò, kì í sì í dènà atẹ́gùn. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lójú kan, kí ó lọ wo Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ó wo bí kọ́ńkéré oníhò ṣe bo ara rẹ̀ bí aṣọ léèsì.

Bí a bá rò ó dáadáa, kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá wa àgbà, pẹ̀lú òrùlé tó wálẹ̀ wá bo ògiri, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà ní Campos ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú fèrèsé gíga onípákó, mọ ọgbọ́n yẹn. Fry àti Drew fi sìmẹ́ǹtì àti irin tún un sọ ni. Wọ́n kọ́ ọ nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ̀wọ́n, tí ẹni kankan kò lè sọ pé "jẹnẹrétọ̀ á gbé e".

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ tó wá láti Gbẹdun. Ó bọ́ sí ìlú, ó wọ inú ilé tó tutù láìsanwó iná, owó rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ilé kejì: ogún ilé àti mẹ́fà lórí ara wọn

Ilé Kòkó ni èkejì. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Àjà 26 ni, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, òun ló sì ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́. Ó dúró gbọnrangandan láàárín ìlú tí òrùlé páànù pupa tẹ́ lọ bí ẹní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Cocoa Dome wà, ilé rìbìtì tí òrùlé rẹ̀ dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Ilé-iṣẹ́, ọ́fíìsì àti ilé ìtajà ni wọ́n kọ́ ọ fún, kí owó háyà lè máa wọlé.

Owó ta ni? Níbí ni iyàn wa nínú ọkọ̀ ti le. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Board ìjọba nìkan ló ń ra kòkó fún títà sókè òkun. Iye tí Board ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tó ń tà á. Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n tọ́jú ìyókù de ọjọ́ tí ọjà bá wó. Nígbà tó di 1954 tí Ìwọ̀-Oòrùn ní Board tirẹ̀, owó yìí di owó ìdàgbàsókè. A jẹ nínú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ purọ́: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 àti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti 1959 wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ṣe ní àkókò tí kòkó gbé e ró. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn sọ di akọ̀wé. Ilé Kòkó náà, èrè kòkó àti àwọn irè oko mìíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Nítorí náà, owó àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò dìbò lé e. Kò ní ìwé ìpín kankan lọ́wọ́. Ní 1968, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ilé náà parí, àwọn àgbẹ̀ yíká Ìbàdàn dìde nítorí owó orí, ìyẹn ìjà Àgbẹ́kọ̀yà tí Tàfá Adéoyè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú rẹ̀. Ilé tó ń jẹ́ ti àgbẹ̀ ga fíofío ní Dùgbẹ̀, àgbẹ̀ sì ń sọ lóko pé òun kò rí owó orí san. A kò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé orúkọ tó wà lára ilé àti ẹni tó ni ín lè yàtọ̀.

Iná, àti ohun tó ju iná lọ

Ilé ga, kì í ṣe pé ewu kò lè dé ibẹ̀. Àwa ará Èkó rántí ilé NET ní Marina tó jó ní January 1983. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù January 1985, iná jó Ilé Kòkó. Ó di August 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ọdún méje tí òpó ìlú fi dúró láìsí ẹni tó ń san háyà tó jọjú. Báǹkà èyíkéyìí lè ṣírò ohun tí ìyẹn jẹ́. Lónìí, Odù'a, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1976, ló ni ín. Ó ṣì dúró, ó sì ṣì ń pawó.

Ti báǹkì àwọn alájẹṣẹ́kù gba ọ̀nà mìíràn. Iná kò jó o. Ní July 2004, Báńkì Àpapọ̀ ní kí olúkúlùkù báǹkì ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà, kí ọdún 2005 tó parí. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ báǹkì nígbà náà kò lè gbàgbé ìpayà ọdún yẹn. Báǹkì 89 di 25. Co-operative Bank dara pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n di Skye Bank. Ní September 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank, Polaris Bank sì gba ipò rẹ̀. Orúkọ alájẹṣẹ́kù kò sí lára báǹkì kankan mọ́ nínú ìtàn yẹn. Ilé ṣẹ́ kù, orúkọ lọ.

Nínú ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ ní ilé lórúkọ, wọn kò ní in lọ́wọ́. Nínú èkejì, wọ́n ní in lọ́wọ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kí ó tó bọ́. Àádọ́ta ọdún kì í ṣe ohun kékeré. Àìmọye oko ni kò lọ sábẹ́ ìdógò láàárín rẹ̀, àìmọye ọmọ ló jáde ilé-ìwé.

Ilé tiwa

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò jìnnà sí wa ní Àjáh. Ẹ dé Badore, ẹ ó rí ẹ́síteètì tó ń jẹ́ Cooperative Villas. Orúkọ yẹn nìkan tó láti rán wa létí pé a lè fi ohun tí a ṣẹ́ kù kọ́lé sórí ilẹ̀ Àjáh.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èrò ọkàn wa, kí ìpàdé ńlá wá pinnu. A kò fara mọ́ pé kí a pín owó náà. Bí a bá pín in, ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní san owó ilé-ìwé ọmọ kan fún ọdún kan, àti pé a kò tún ní rí i kó jọ mọ́. Bí ìdààmú bá wà, kí a ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní èlé kékeré. Ohun tí wọ́n ṣe fún àgbẹ̀ nínú òjò nìyẹn.

A kò sì fara mọ́ gíláàsì. Ilẹ̀ wa wà láàárín òkun àti ọ̀sà. Atẹ́gùn tí ará Ìbàdàn ń wá kiri wà lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́fẹ̀ẹ́, láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Bí a bá fi gíláàsì dí i, a ó máa ra dísù láti rí ohun tí Ọlọ́run ti fún wa. Kí gbọ̀ngàn wa ní fèrèsé níhà méjèèjì. Kí òrùlé yọ síta. Kí a lo búlọ́ọ̀kù oníhò lókè. Kí a gbé ìpìlẹ̀ sókè, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tí òjò oṣù kẹfà máa ń ṣe ní àdúgbò wa. Kí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta wà níwájú, kí owó háyà wọn máa tún ilé ṣe.

Ní ti ẹni tó ni ín, kí ìwé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Kí ó má ṣe wà lórúkọ alága kankan, bó ti wù kí a fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kí olúkúlùkù ní ìwé tó fi iye tó dá hàn. Kí ìdá kan nínú háyà wọ àpò àtúnṣe lóṣooṣù, kí ìsọfúnni nípa iná wà, kí a sì sanwó ìbánigbófò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọmọ wa ní 2060 pé, "Ta ló ni ilé yìí?", kí ìdáhùn rẹ̀ má pín sí mẹ́ta.

Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ bá wa ṣe àmín. Bí ẹ bá sì rí i nínú ọkàn yín láti fi àpò sìmẹ́ǹtì kan ràn wá lọ́wọ́ kí ẹ tó jókòó ti ìrẹsì, Akápò wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rìsíìtì. A kì í gba owó láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá ti lọ. A ti jẹ, a ti mu, a ti jọ wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ó sì yẹ wá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a rí ohun tí a ó ṣẹ́ kù. Àṣeyí ṣàmọ́dún o.

Alukoro Ẹgbẹ́